Tíṣà Orúnkún àti Àtẹ̀gùn Mẹ́rìnlá

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí ọ lára ní ọ́fíìsì, torí o ní òun ni kì í jẹ́ kí o làágùn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí òtútù rẹ̀ wọ̀ ọ́ léegun. Ibi tí o bá jókòó sí, ire ni yóò bá ọ níbẹ̀, nígbà tí o bá sì fẹ́ dìde, orúnkún rẹ ò ní dún. Àdúrà orúnkún ni mo fi ń ṣáájú báyìí, torí mo ti wá rí i pé àwa òbí kì í rántí rẹ̀. A ó ní kí orí ọmọ dára, kí ọwọ́ rẹ̀ ríṣẹ́ ṣe, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kọ, àmọ́ orúnkún tó wà láàárín, tó ń ru gbogbo ẹrù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀. Èmi ti ń dárúkọ rẹ̀ báyìí o.

Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ ò tíì balẹ̀ tán láti ọjọ́ tí wọ́n ti jíṣẹ́ fún ọ pé ìrora ìyá rẹ ti dé mẹ́wàá, tí o sáré jáde nínú ìpàdé, tí o pè mí, tí ìwọ ń pariwo, tí èmi náà ń pariwo, tí a ò gbọ́ ara wa, tí mo sì pa fóònù kí àwọn ará títì má báa rò pé ìjà ni. Mo ní màá kọ lẹ́tà, ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ òun nìyí. Má bínú, ọmọ mi, èmi ni mo fà á, kò sí ẹni tó fẹ́ gé mi lẹ́sẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọpẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, tí mo bá sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín, wàá tún rò pé ara mi ò yá.

Ó ti lé lọ́dún kan tí o ti wálé gbẹ̀yìn, nǹkan sì ti yí padà. Èmi ṣì wà nísàlẹ̀, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi àti tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá rẹ àgbà, wà lókè, nínú yàrá tó wà lórí tèmi gan-an. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà láàárín wa. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá ọ̀tún, wọn ò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́, láti ìgbà tí làkúrègbé sì ti mú mi lórúnkún òsì, èmi náà ò lè gòkè. Oṣù mẹ́jọ, ọmọ mi. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọmọ ìyá méjì fi wà nínú ilé kan láìfojú kan ara wọn. Mo gbìyànjú ní ìbẹ̀rẹ̀, mo dé ìkarùn-ún, orúnkún mi dún kẹ́ẹ́, mo jókòó síbẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé, ìyàwó ilé ló wá fà mí bọ̀ wá sílẹ̀. Ìyàwó ilé ni mò ń pe ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, òun ló ń tọ́jú wọn, òun náà ló ń bá wa gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ọlọ́run bù kún un, àmọ́ kò mọ ọ̀rọ̀ rù. Mo lè sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan nísàlẹ̀, pé kó bá mi béèrè bóyá wọ́n sùn, bóyá wọ́n jẹun, bóyá ọwọ́ wọn ti ń gbé nǹkan, pé kó sọ fún wọn pé àárò wọn ń sọ mí bí ọmọdé. Tó bá padà dé, á ní wọ́n ní ó dáa.

Ẹ̀rọ ìránṣọ mi gan-an ló ń bá wa sọ̀rọ̀ jù ú lọ. Ìró rẹ̀ máa ń gba ilẹ̀ yàrá wọn wọlé. Ìyàwó ní tó bá ti ń dún, ojú wọn á fara balẹ̀; tó bá dákẹ́ pẹ́, wọ́n á fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gbà gbà gbà, pé kí ni mò ń ṣe. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí orúnkún ò bá jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́, mo máa ń fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lásán, láìsí aṣọ, láìsí òwú, kó ṣáà máa dún. Ẹni tó bá gba títì kọjá á rò pé iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn.

Dókítà ilé ìwòsàn wa ya fọ́tò eegun mi, kò tilẹ̀ ní kí n rẹ́rìn-ín kó tó yà á. Ó ní ohun kan wà láàárín eegun méjèèjì nínú orúnkún, tó ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lórí ara wọn, ó ti fẹ́lẹ́, eegun ti fẹ́ máa ha eegun. Mo ní ó yé mi, aṣọ ìtẹ́nú ló gbó. Ó ronú díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ṣé kó tú u kó pààrọ̀ rẹ̀ ni, ó ní rárá, ká kọ́kọ́ fi ìdè orúnkún àti ìdárayá gbìyànjú ná, pé tí iṣan itan bá lágbára, ẹrù orúnkún á dín kù. Ìwọ lo wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, tí o lọ wá ẹni tó ń kọ́ni ní ìdárayá láti inú fóònù. Ọmọ rere ni ọ́.

Nígbà tí ẹrù tí o fi ránṣẹ́ dé, awakọ̀ ní kí n fọwọ́ sí ìwé, mo fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún ìwọ. Mo tú u, mo rí fóònù tí ojú rẹ̀ tóbi bí síléètì, mo dúpẹ́. Mo tún rí aṣọ dúdú kan tó nípọn, tó rí bí apá kóòtù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, okùn pẹlẹbẹ mẹ́rin ló ní, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n sì ń dún fàràrà tí a bá ń yà wọ́n. Ogójì ọdún rèé tí mo ti ń ránṣọ, ọmọ mi, n kò rí apá kóòtù tó ní irin nínú rí. Mo rò pé ọ̀gá rẹ ni ó ni ín, pé o fẹ́ kí n bá a rán ìkejì. Mo ti ń wá aṣọ dúdú tó bá a mu kiri kí ìyàwó tó ka ìwé tó wà nínú páálí, tó ní ìdè orúnkún mi nìyẹn.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹni tó rán an mọṣẹ́, ojú rírán rẹ̀ gún régé, àmọ́ mo rí ihò róbótó kan níwájú rẹ̀, ó tóbi bí ẹnu ife. Inú mi bàjẹ́ pé wọ́n ti rẹ́ ọmọ mi jẹ nígboro, wọ́n ta aṣọ tó ti ya fún un. Mi ò fẹ́ sọ fún ọ kí o má báa ní ìbànújẹ́. Mo wá awẹ́ aṣọ tó nípọn, mo fi dí i, mo rán an yípo lẹ́ẹ̀mejì, tí o bá rí i, o ò ní mọ̀ pé ihò kankan wà níbẹ̀ rí.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ojúlé kejì náà wá wò ó. Ó yí irin rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ní ohun tó ń jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí kó sì tì ni wọ́n fi ṣe é, kò sí nǹkan míì. Ó lọ gbé agolo epo rẹ̀ wá, ó kán an sí i, ó ní kò ní máa ké mọ́. Mo ní kò ké tẹ́lẹ̀, orúnkún mi ló ń ké. Ó wo agolo epo ọwọ́ rẹ̀, ó wo orúnkún mi, mo sáré fa yẹ́rì bò ó.

Ọjọ́ ẹ̀kọ́ kìíní, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo máa ń wọ̀ jáde, mo gbá yàrá, mo gbé àga kan kalẹ̀ fún àlejò. Fóònù dún, ọmọbìnrin kan yọ nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní ẹ káàárọ̀ Mámà. Mo ní kó wọlé kó jókòó. Ó ní òun ti jókòó níbi tí òun wà. Ó ní òun kì í ṣe dókítà, iṣẹ́ òun ni kí òun máa fi ìdárayá tún oríkèé ara ṣe, mo ní kí n máa pè é ní Tíṣà Orúnkún, ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ó ní kí n gbé fóònù sílẹ̀ kí òun lè rí ẹsẹ̀ mi, kí n sì wọ ìdè orúnkún. Mo wọ̀ ọ́. Ó sún mọ́ fóònù, ó bi mí pé kí ni mo fi dí ojú rẹ̀. Mo fi ìyangàn sọ fún un pé mo ti bá wọn tún un ṣe. Ọmọ mi, ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ kúrò níwájú fóònù, tí mo ń wo ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan. Ó ní ihò yẹn, wọ́n dìídì dá a ni, ibẹ̀ ni ọmọrí orúnkún á máa gbà mí èémí. Mo fi gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn tú ojú rírán tèmi. Mo rán an dáadáa jù.

Ohun míì wà lọ́jọ́ yẹn tó bí mi nínú. Ní kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fóònù, mo rí obìnrin àgbàlagbà kan nínú àpótí kékeré. Mo kí i, òun náà mi orí sí mi. Mo rò pé akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi ni, àmọ́ kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ìyá yìí ò mọ nǹkan kan, ohun tí mo bá ṣe ló ń wò ṣe. Mo na ẹsẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Mo sinmi, ó sinmi. Mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sun Tíṣà. Mo ní kì í ṣe pé mo láhun o, àmọ́ ọmọ mi ló sanwó ẹ̀kọ́ mi, kí ìyá yẹn náà ní kí ọmọ tiẹ̀ sanwó. Tíṣà ní kí n fọwọ́ kan imú mi. Mo fọwọ́ kàn án, ìyá náà fọwọ́ kan tiẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí téèpù ìwọnṣọ mi lọ́rùn obìnrin yẹn, àti abẹ́rẹ́ tí mo há mọ́ àyà aṣọ mi láàárọ̀, mo bá rọra yọwọ́ nímú. Mo ti bẹ ìyá náà, a ti di ọ̀rẹ́.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ló wá kàn, òun ló fa wàhálà. Ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sínú fóònù, ó ní kí n máa kọ èsì sí i fúnra mi. Wọ́n béèrè ìwọ̀n mi. Ìbéèrè yẹn rọrùn fún aránṣọ. Mo kọ èjìká, mo kọ àyà, mo kọ ìbàdí, gígùn apá, gígùn yẹ́rì, mo sì fi kún un pé mo fẹ́ kó gbà mí dáadáa lábẹ́ apá. Wọ́n béèrè ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo kọ orúkọ rẹ àti nọ́ńbà ibi iṣẹ́ rẹ. Lẹ́yìn ìdárayá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún béèrè pé, ìrora, mélòó nínú mẹ́wàá?

Ọmọ mi, o mọ̀ pé n kò kàwé jìnnà, àmọ́ mi ò gba òdo rí láyé mi. Mo rò pé máàkì ni. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo fún ara mi ní méje, kí wọ́n má báa rò pé mò ń ṣe fọ́ńté. Bí mo ṣe ń mọ ìdárayá náà sí i, mo gba mẹ́jọ, mo gba mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí mo wá na ẹsẹ̀ gbọọrọ, tí mo kà dé mẹ́wàá tí itan mi ò gbọ̀n, inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó kó wá wo bí mo ṣe ń kọ mẹ́wàá sílẹ̀. A jọ pàtẹ́wọ́. Ohun tí èmi ò mọ̀ ni pé níbi tí wọ́n ti ń gba èsì náà, gbogbo ojú ìwé mi ti pọ́n bí ata, ọ̀gá wọn ti ní kí wọ́n pe ẹbí mi, ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Ibi tí mo ti ń yọ̀ nìyẹn, ìwọ ti ń sáré sọ̀kalẹ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ. Forí jì mí. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá rẹ ní kó má bínú, pé nítorí pé mo yege ni.

Tíṣà pè mí lọ́jọ́ kan náà. Mo rò pé ó fẹ́ yìn mí. Nígbà tí mo sọ fún un pé máàkì ni mo ń fún ara mi, tó yé e, kò rẹ́rìn-ín bíi ti ìjọ́sí. Ó ní Mámà, òun ò fún yín ní máàkì, òun ń béèrè bó ṣe ń dùn yín ni, ẹ sọ òótọ́ fún òun. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn gbà mí lọ́kàn. Láti ìgbà tí orúnkún yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá bi mí, mo máa ń sọ pé ó ń ṣe díẹ̀díẹ̀, ìwọ náà, ohun tí mo ń sọ fún ọ nìyẹn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ jókòó tí mo wo ìrora mi bí mo ṣe ń wo aṣọ tí oníbàárà gbé wá. Mo ní tí mo bá ń rìn nínú ilé, mẹ́rin ni. Tí mo bá fẹ́ dìde lórí àga, mẹ́fà. Tí mo bá wo àtẹ̀gùn, mẹ́sàn-án. Ó ní ṣé tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn. Mo ní rárá, wíwò ló ń dùn mí. Ó ní kí ló dé. Mo bá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún un, bí mo ṣe ń yí ẹ̀rọ lásán, bí o ṣe ní ká máa fi fóònù tuntun yìí wo ojú ara wa, tí ìyàwó gbé e lọ sókè, tí ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí ògiri, tí wọ́n ní kó gbé e kúrò níwájú àwọn. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n ń bínú sí mi, pé èmi tí wọ́n pọ̀n dàgbà, mi ò lè gun àtẹ̀gùn lásán nítorí wọn. Ó dákẹ́ pẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọọ̀kì ti lọ ni, mo ń gbá fóònù. Ó ní òun ṣì wà níbẹ̀. Ó ní mélòó ni àtẹ̀gùn náà. Mo ní mẹ́rìnlá. Ó ní ó dáa, mẹ́rìnlá là ń lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ mi, kò fi mí sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni ó máa ń pè, àwọn ọjọ́ tó kù, èmi nìkan ni mò ń ṣe é. Mo ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ orúnkún, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, mo kà, mo rọra sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin. Mo ń dìde lórí àga láìfọwọ́ kan tábìlì, lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Àwọn oníbàárà tó bá wá gba aṣọ á rò pé àwọn ni mò ń dìde kí, inú wọn á dùn. Tí ó bá dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ, mo máa ń sọ ọ́, a ó sì dín in kù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo kọ mẹ́ta, mi ò sì tijú. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ẹ̀rọ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, mo rán odidi yẹ́rì kan tán, ọ̀pá ò gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí, Tíṣà ní ká bẹ̀rẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ní kí n lọ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí òkúta àtẹ̀gùn kan ṣoṣo wà, kí n di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ní tí mo bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó dáa ni kó ṣáájú, kí èyí tó ń dùn mí wá bá a, kí àwọn méjèèjì sinmi pọ̀ kí n tó tún gbé òmíràn. Mo ṣe é. Ó ní ó dáa gan-an, Mámà. Ó ní tí mo bá wá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni nẹ́tíwọọ̀kì já. Ojú rẹ̀ dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó wá di dúdú. Mo dúró títí, kò padà. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ti tán.

Mo wo ẹ̀yìn, mo rí àtẹ̀gùn ilé wa. Ìyàwó ti lọ pọn omi. Mo tún okùn ìdè náà dì, mo ní Ọlọ́run, ìwọ àti Tíṣà. Mo di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo gbé òsì bá a, mo sinmi. Ìkìíní. Mo ń kà á sókè bí ìgbà tí mo bá ń ka bọ́tìnnì. Nígbà tí mo dé ìkarùn-ún, níbi tí mo ti jókòó sí nígbà yẹn, ẹsẹ̀ mi fẹ́ gbọ̀n, mo ní kì í ṣe níbí lónìí, mo kọjá. Ní ìkẹsàn-án, òógùn ti bo ojú mi. Mo bi orúnkún mi pé mélòó ni, ó ní márùn-ún, mo ní márùn-ún ò burú, ká lọ. Ní ìkẹrìnlá, mo gbé ẹsẹ̀ sókè láti wá ìkẹẹ̀ẹ́dógún, kò sí, ilẹ̀ gbalasa ni mo bá.

Ilẹ̀kùn yàrá wọn ṣí sílẹ̀. Wọ́n jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Wọ́n rò pé ìyàwó ni. Wọ́n rọra ń sọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á sinmi, ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní ẹ̀rọ ò dún láti àárọ̀, kó lọ wo àbúrò àwọn nísàlẹ̀.

Mo ní, àbúrò yín rèé.

Wọ́n yí padà, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ọwọ́ òsì fa ìborùn bo ẹnu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi, kì í ṣe ìbínú rárá. Àìsàn yẹn ti fa ẹnu wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn ò sì fẹ́ kí n rí i, ẹ̀gbọ́n mi tí ẹwà wọn ń dá àwọn èèyàn dúró lójú títì nígbà tí a wà ní ọmọge. Gbogbo oṣù mẹ́jọ tí mo fi ń rò pé wọ́n kọ̀ mí, ìtìjú ni wọ́n ń bá jà nínú yàrá yẹn. Mo sún mọ́ wọn, mo di etí ìborùn yẹn mú, mo wò ó bí aránṣọ ṣe ń wo nǹkan, mo ní ta ló ṣẹ́ etí aṣọ yìí, ó wọ́ ju ẹnu yín lọ. Wọ́n wò mí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ nínú ikùn wọn, ó gba ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu jáde, ìborùn já bọ́, wọn ò gbé e mọ́. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe. Wọ́n fọwọ́ òsì pa ojú mi, wọ́n ní mo ti rù. Nígbà tí ìyàwó gòkè tó bá wa, ó gbàgbé pé omi wà lórí òun, ó tẹrí ba láti wò wá dáadáa, gbogbo ilẹ̀ tutù.

Ìgbà tó tó kí n padà sísàlẹ̀ ni mo dúró sórí àtẹ̀gùn, tí mo wo ìsàlẹ̀, tí mo rántí pé wọn ò tíì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀ jìnnà, ọmọ mi. Mo yí padà, mo lọ jókòó. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbọ́, ó wá, ó ní kí n má mikàn, òun á so mí mọ́ àga, òun á fi okùn sọ̀ mí kalẹ̀ bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kó máa lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì dé, ìyàwó gbé fóònù gòkè wá fún mi, mo pe Tíṣà, mo ní mo ti dé mẹ́rìnlá. Ó dìde dúró nínú fóònù. Ó kọ́kọ́ bá mi wí, ó ní òkúta kan ni òun ní kí n gùn, ó wá bi mí mélòó ni ìrora, mo ní mẹ́ta, ó fi ọwọ́ bo ojú, mo rò pé ó ń bínú, nígbà tó ṣí i, omi ló wà níbẹ̀. Ó ní kí n dúró sókè títí di ọjọ́ Ẹtì, pé ẹsẹ̀ tó ń dùn ló máa ń ṣáájú tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, àmọ́ òun gbọ́dọ̀ máa wò mí.

Nítorí náà, òkè ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí o, lórí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ kẹta rèé. Ìyàwó gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi wá bá mi, mò ń fi ọwọ́ rán an. A ti sọ̀rọ̀ oṣù mẹ́jọ, a ò tíì parí oṣù kejì.

Ìwọ̀nba nǹkan tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún nìyí. Fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà lè bá wa fi igi ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ kejì àtẹ̀gùn, Tíṣà ní ó yẹ bẹ́ẹ̀. Fi owó dátà kún un, torí òun ló já lẹ́nu ọmọ náà, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ tó kù ṣì há sínú rẹ̀. Nígbà tí mò ń bá Tíṣà sọ̀rọ̀, ó rí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun mọ ẹni tó ń kọ́ ọwọ́ àti ẹnu bí òun ṣe ń kọ́ orúnkún. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn á rò ó. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n bi mí bóyá ẹni tó ń kọ́ ẹnu yẹn, ọkùnrin ni tàbí obìnrin, mo bá mọ̀ pé wọ́n ti gbà. Bá mi wá ọ̀nà rẹ̀, ọmọ mi, bí o ṣe wá tèmi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O rán aṣọ dúdú àti gíláàsì pẹlẹbẹ sí mi, mo fi wọ́n rí ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí o bá ń wá tí kò jìnnà sí ọ àmọ́ tí ọwọ́ rẹ ò tó o, Ọlọ́run á rán ẹni tí yóò kọ́ ọ bí o ṣe máa débẹ̀. Ìyàwó rẹ á bá ọ dàgbà, àwọn ọmọ rẹ ò ní fojú wá ara wọn tì nínú ilé kan. Ara á dẹ̀ yín, eegun yín á gbó, kò ní yẹ̀.

Ọ̀la ni Tíṣà yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì lónìí bóyá ọmọ náà kì í gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, láti òkè.